Ohun tí owó ń rà nínú ẹgbẹ́ onílẹ́tà Gíríìkì: àyẹ̀wò fún òbí ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà

Àwọn ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ń fi lẹ́tà Gíríìkì sọ lórúkọ, fraternity fún ọkùnrin àti sorority fún obìnrin, máa ń ṣàlàyé ara wọn gẹ́gẹ́ bí ẹbí tuntun tí ọmọ yóò bá pàdé nílé ẹ̀kọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹbí tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìwọlé, owó ẹgbẹ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan, owó oúnjẹ àti owó ilé, ó yẹ kí á lè yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ yòówù tí a bá sanwó fún wò. Ojú yẹn ni mo fi wò ó níhìn-ín, nítorí pé mo ti sanwó kí ọmọbìnrin mi lè kópa nínú rush, ìyẹn ìlànà ìgbaniwọlé àwọn sorority, ní yunifásítì ìjọba kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà nínú ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tí aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, àti pé nínú ọjà àkọ́kọ́, iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń san ni ọmọ aláwọ̀ dúdú náà ń san, láìmọ ẹni tó di ìlẹ̀kùn mú.

Ọjà àkọ́kọ́ ni ti àwọn sorority 26 tó wà lábẹ́ àjọ National Panhellenic Conference, tí ó ti wà láti 1902. Àwọn ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ńláńlá olópòó funfun tí ẹ ó rí ní òpópónà ẹgbẹ́ ní àwọn yunifásítì gúúsù. Ìlànà ìgbaniwọlé wọn ni gbogbo ènìyàn ń pè ní rush, ó sì sábà máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sanwó, yóò fi fọ́tò, èsì ẹ̀kọ́ àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìrànwọ́ tó ti ṣe ránṣẹ́. Láti 2020, ọ̀pọ̀ ibi ti ń fi fídíò kékeré tí ọmọ fi ṣàfihàn ara rẹ̀ ṣe ìpele àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ láti ilé dé ilé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò tò sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́, wọn yóò máa kọrin. Ọ̀kan yóò mú un wọlé, yóò bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn yóò gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, títí àkókò yóò fi tó. Bí alẹ́ bá lẹ́, àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ yóò fún un ní máàkì, ẹgbẹ́ yóò sì dìbò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ àwọn ilé tó ṣì ń pè é yóò jáde. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un ìdí tí àwọn tó kù fi yọ ọ́.

Ibi tó yẹ kí á yin ètò yìí wà, n kò sì ní fi í pamọ́. Ó gún régé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan wà tí wọ́n yàn láti máa tọ́ àwọn ọmọ tuntun sọ́nà, wọ́n sì máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ tiwọn pamọ́ kí wọ́n má baà tì ọmọ sí apá kan. Omi wà, ibi ìsinmi wà, aago kò yẹ̀. Mo ti rí ilé ìwòsàn tí kò létò tó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, ọmọ yóò to àwọn ilé tó wù ú lẹ́sẹẹsẹ, ilé náà yóò to àwọn ọmọ tó wù ú, kọ̀ǹpútà yóò sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó ṣe èyí, yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ọ̀pọ̀ òbí kì í kà: bí kọ̀ǹpútà bá so ó mọ́ ilé kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀, tí ó sì kọ ìpè náà, kò lè wọ sorority mìíràn nínú 26 wọ̀nyí ní ọgbà náà títí rush ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kà á kí ọmọ tó fọwọ́ sí i. Ní ti owó, ní àwọn ọgbà ńlá gúúsù, owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là. Bí wọ́n bá sì ti gbà á wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni fún sáà kan ṣoṣo, pàápàá tí ó bá ń gbé inú ilé ẹgbẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni ti ẹni tó ní àṣẹ ìkẹyìn. Òbí tó bá ń wo àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì ju ogún ọdún lọ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yóò rò pé àwọn náà ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò bá wọn gbé. Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé náà kì í ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́, tí wọ́n ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ láti ogún tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn, ló ń darí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ilé náà. Àwọn ló ń kọ lẹ́tà ìgbọ̀wọ́ fún ọmọ tó fẹ́ wọlé, àwọn ni olùdámọ̀ràn, àwọn náà ló sì ń kówó jọ nígbà tí òrùlé bá ń jò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, The Crimson White, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Alabama, gbé àṣírí yìí síta. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló sọ fún un pé àwọn fẹ́ gba ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ta yọ, tí ìdílé rẹ̀ sì bá yunifásítì náà tan, ṣùgbọ́n pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló dá sí i tí ọ̀nà rẹ̀ fi dí. Ọgbà yìí kan náà ni Gómìnà George Wallace ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1963 láti dènà aláwọ̀ dúdú méjì, Vivian Malone àti James Hood, tí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Àádọ́ta ọdún ló wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọ́de lọ sí ilé ìṣàkóso. Ààrẹ yunifásítì náà nígbà yẹn, Judy Bonner, pàṣẹ pé kí àwọn sorority tún ìlẹ̀kùn ìgbaniwọlé ṣí. Nígbà tí ó kéde àbájáde rẹ̀, ìwé ìpè 72 ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. 11 nínú wọn lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, mẹ́rin sì ti gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí mú nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí wọ́n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lójúkojú fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tí kò rí i rí ló kọ̀ ọ́. Gbogbo aṣọ tí a rà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kọ́ ọmọ láti sọ nínú yàrá, kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí nínú yàrá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gúúsù nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Títí di 1954, ìwé òfin fraternity Phi Delta Theta béèrè pé kí ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun tí ẹ̀jẹ̀ Aryan rẹ̀ pé. Ní Amherst College ní Massachusetts, ẹ̀ka Phi Kappa Psi gba ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ní 1948, olú ẹgbẹ́ sì lé ẹ̀ka náà. Àwọn ọmọ náà kò yí ìpinnu wọn padà, wọ́n sọ ara wọn di ẹgbẹ́ àdáni tí wọ́n pè ní Phi Alpha Psi. Ní 1953, àwọn alákòóso State University of New York fòfin de àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn yan ènìyàn àti àwọn tó so mọ́ olú ẹgbẹ́ níta, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1965 pàápàá, lẹ́yìn Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú ti 1964, olú ẹgbẹ́ Sigma Chi dá ẹ̀ka rẹ̀ ní Stanford dúró ní àkókò tí ẹ̀ka náà ń gba ọmọ aláwọ̀ dúdú.

Gbólóhùn wọ̀nyẹn ti kúrò nínú ìwé. Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀nà ìyanni tí wọ́n bá rìn kò kúrò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fún ní àǹfààní, lẹ́tà ìgbọ̀wọ́ láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan ní gúúsù. Ìyá tí wọn kò gbà lánàá kò lè kọ lẹ́tà fún ọmọ rẹ̀ lónìí. Àwa tí a ti òkè òkun wá, tí a kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, inú kòtò kan náà ni ọmọ wa ń bọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn tiwa yàtọ̀. Lẹ́yìn ìwọ́de ọdún 2020, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Vanderbilt àti níbòmíràn fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì ní kí á pa gbogbo rẹ̀ tì, ọ̀pọ̀ sorority ńlá fagi lé àǹfààní ọmọ-ọmọ-ẹgbẹ́, àwọn mìíràn sì fagi lé lẹ́tà ìgbọ̀wọ́. Ó jẹ́ àtúnṣe gidi, mo sì fún wọn ní máàkì fún un. Ṣùgbọ́n ìbò ṣì jẹ́ ti bòńkẹ́lẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì yọ kò ní ibi tí yóò ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ń jà nítorí ẹgbẹ́ aṣọ àti ijó? Ẹ wo Alabama lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbájọ bòńkẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Machine, tí fraternity àti sorority àwọn aláwọ̀ funfun para pọ̀ ṣe, tí ó sì ti ń darí ìdìbò ìjọba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìran dé ìran. Aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ìjọba akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Cleo Thomas, wọlé ní 1976. Èkejì, Elliot Spillers, kò wọlé títí di 2015. Ipò wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú ìpínlẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí owó ẹgbẹ́ ń rà nìyẹn, kì í ṣe ijó.

Ní ti ìwà ojoojúmọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, òbí sì lè wá a kí ó tó sanwó. Kappa Alpha Order, tí a dá sílẹ̀ ní Virginia ní 1865, ka Robert E. Lee, ọ̀gágun àwọn ìpínlẹ̀ tó jà nítorí oko ẹrú, sí baba ẹgbẹ́ nípa ti ẹ̀mí. Títí di 2010 ni àwọn ẹ̀ka kan ń wọ aṣọ ogun àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn níbi àríyá wọn, kí olú ẹgbẹ́ tó fòfin dè é. Ní oṣù kẹta 2015, fídíò jáde tó fi hàn bí àwọn ọmọ Sigma Alpha Epsilon ní Yunifásítì Oklahoma ti ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì pé aláwọ̀ dúdú kò ní wọ ẹgbẹ́ àwọn láé. Wọ́n ti ẹ̀ka náà pa, wọ́n sì lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé gbogbo bọ́ọ̀sì ló mọ orin náà.

Ọjà kejì bẹ̀rẹ̀ láti inú àìní. Ní Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York, ìwọ̀nba aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kò rí ibi gbé dáadáa, àwọn mélòó kan sì lọ láìpadà wá. Ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn tó kù dá sílẹ̀ kí wọ́n lè dúró títí dé òpin ló di Alpha Phi Alpha ní oṣù kejìlá 1906. Alpha Kappa Alpha tẹ̀ lé e ní Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, ní 1908, Kappa Alpha Psi ní Indiana àti Omega Psi Phi ní Howard ní 1911, Delta Sigma Theta ní 1913, Phi Beta Sigma ní 1914, Zeta Phi Beta ní 1920. Sigma Gamma Rho, ti olùkọ́ méje, bẹ̀rẹ̀ ní Indianapolis ní 1922, ní àkókò tí Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ apániláyà àwọn aláwọ̀ funfun, ń ṣe bó ṣe wù ú ní ìpínlẹ̀ náà. Àjọ National Pan-Hellenic Council kó wọn jọ láti 1930, Iota Phi Theta ti 1963 ló sì sọ wọ́n di mẹ́sàn-án. Divine Nine ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Wọn kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọ̀ kankan. Aláwọ̀ funfun wà nínú wọn.

Ohun tí wọ́n ń tà yàtọ̀ pátápátá. Ilé olópòó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fi òkúta àti àwọ̀ ẹgbẹ́ sàmì sí ni tiwọn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣàfihàn ara wọn. Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí obìnrin 22 dá Delta Sigma Theta sílẹ̀, wọ́n ti wà nínú ìwọ́de ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin ní Washington ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1913. Láti 1935 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Alpha Kappa Alpha máa ń kó dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí oko Mississippi ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Alpha Phi Alpha, ẹgbẹ́ Thurgood Marshall, adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, àti Martin Luther King, ló léwájú nínú ìkówójọ fún ère King tí wọ́n ṣí ní Washington ní 2011. Pàtàkì jù lọ fún ẹni tó ń sanwó: ọdún mẹ́rin kọ́ ni. Ẹ̀ka àwọn tó ti jáde wà ní ìlú gbogbo, àgbà ẹni àádọ́rin ọdún ṣì ń lọ sí ìpàdé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nípasẹ̀ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó kàn jẹ́ arábìnrin rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ju 300,000 obìnrin lọ ni Alpha Kappa Alpha nìkan ti gbà wọlé láti 1908. Kamala Harris, tó wọ ẹgbẹ́ náà ní Howard ní 1986, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Àléébù tiwọn náà wà, kò sì kéré. Wọn kì í polówó. Ọmọ tó bá ń pariwo pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan lè fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́. Ó ní láti máa lọ síbi iṣẹ́ ìrànwọ́ wọn, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí ó sì dákẹ́. Ẹ̀ka kan lè má gba ẹnikẹ́ni fún ọdún mélòó kan láìṣàlàyé. Máàkì láti 2.5 sókè nínú 4.0 ni wọ́n sábà ń béèrè, owó ìwọlé lè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì sábà ń gbà á. Èyí tó burú jù ni fífi ìyà jẹ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn ikú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Morehouse College ní 1989, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fẹnu kò ní 1990 láti fòpin sí sáà ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní pledging. Ní gbangba, ó ti parí, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀ka kan kò jáwọ́, ènìyàn sì ti kú lẹ́yìn náà. Àwọn fraternity aláwọ̀ funfun kò sàn jù wọ́n lọ nínú èyí, ọtí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe tiwọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kejìlá 2024 ti ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga máa kéde ẹgbẹ́ tó bá jẹ̀bi ìwà yìí. Ẹ wá ìkéde náà lórí ojú ìwé yunifásítì ọmọ yín, ẹ sì wo orúkọ ẹ̀ka náà gan-an.

Àwọn mìíràn tún wà láàárín, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn Júù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ dá Zeta Beta Tau sílẹ̀ ní 1898, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀sìn ní 1954. Pi Lambda Phi ti Yale, 1895, kò fi ẹ̀sìn yan ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Látìn Amẹ́ríkà ní Phi Iota Alpha láti 1931, àti Lambda Theta Phi àti Lambda Theta Alpha láti 1975 ní Kean College ní New Jersey. Owó wọn sábà máa ń kéré, wọ́n sì máa ń gba ọmọ láti ẹ̀yà púpọ̀. Ọmọ tí ọgbà rẹ̀ kò bá ní ẹ̀ka Divine Nine tó ń ṣiṣẹ́ lè yẹ̀ wọ́n wò.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún rush ní yunifásítì ńlá gúúsù, fún ọmọ aláwọ̀ dúdú: ọ̀kan fún ètò, ọ̀kan fún àtúnṣe ọdún àìpẹ́ yìí. Ní àwọn ọgbà mìíràn, pàápàá níbi tí ẹgbẹ́ kò ti ní ilé, ó lè tó mẹ́ta. Mẹ́rin ni mo fún Divine Nine, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ẹ̀ka ni kí á yẹ̀ wò, kì í ṣe orúkọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo fọ́tò gbogbo ọmọ ẹ̀ka náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe fọ́tò méjì tí wọ́n yàn sójú ìwé wọn. Ẹ béèrè iye owó ọdún kan pẹ̀lú ìtanràn gbogbo. Ẹ béèrè bóyá lẹ́tà ìgbọ̀wọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó sọ fún wa nígbà tí à ń forúkọ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ti gbà tán pátápátá sínú ọ̀kan nínú sorority 26 wọ̀nyẹn kò lè wọ sorority Divine Nine mọ́, èyí kò sì lè wọ tọ̀hún. Oṣù kẹjọ ni rush ń wáyé, kí ọmọ tó jókòó nínú kíláàsì kan. Divine Nine sì máa ń béèrè pé kí ó ti ní èsì yunifásítì lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀bẹ̀ fún ìwọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá sanwó fún rush ní ọdún àkọ́kọ́ lè ti ìlẹ̀kùn kejì mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi yóò ní kí ọmọ dúró di ọdún kejì.